Awọ Idẹ: Ẹ Yéé Pè É Ní Ìpẹtà

Ẹni tó kọ́kọ́ pe ohun aláwọ̀ ewé tó bo ojú owó idẹ àwọn Gíríìkì àtijọ́ ní "ìpẹtà" ti ba owó jẹ́ ju olè lọ. Bí Yorùbá bá ti gbọ́ ìpẹtà, ọwọ́ ti dé orí kànìnkànìn nìyẹn. Kí tún ni èèyàn ń fi ìpẹtà ṣe bí kò ṣe kó ha á dànù? Ìran tó ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ idẹ Ọ̀ṣun títí yóò fi máa dán gbinrin ni wá. Ẹni tó bá wá ra owó kékeré kan láti Sirakúsì, ìlú àwọn Gíríìkì ní erékùṣù Sísílì, ní pọ́ọ́kú, tó sì ka irú àlàyé bẹ́ẹ̀, ilé ìdáná ló ń lọ yẹn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ohun tó ti lo ẹgbàá ọdún lé nínú ilẹ̀ ti di pẹlẹbẹ pupa tí kò lórúkọ.

Awọ idẹ ni èmi ń pè é. Wọ́n ti bá mi jà lórí ẹ̀, mo sì ti gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ní í sọ. Àwọn kan ní ká kúkú pè é ní pàtínà, kó parí síbẹ̀. Kí ni pàtínà sọ fún ẹni tí kò gbọ́ ọ rí? Bí ẹ bá ní orúkọ ìpara ni, yóò gbà. Àwọn míì ní "àwọ̀ ìgbà" ló dára jù. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àmọ́ irọ́ ni. Àwọ̀ kọ́ la ń sọ. Ó lè jẹ́ àwọ̀ ewé, ó lè dúdú, ó lè pọ́n bí ó bá wù ú, ohun kan náà ni. Wọ́n tún ní bí mo bá kọ "awọ" láìfi àmì sí i, èèyàn á kà á sí awo. Kí wọ́n fi àmì sí i nígbà náà! Ta ló ní ká máa kọ Yorùbá níhòòhò?

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò le. Bàbà tí wọ́n yọ́ pọ̀ mọ́ tánńganran ni idẹ yìí, òjé a máa wà níbẹ̀ nígbà míì. (Ẹ má jẹ́ ká dúró lórí idẹ tó ní síǹkì, ìyẹn kò kàn wá.) Bó ṣe wà nínú ilẹ̀, ọ́síjìn á kọ́kọ́ mú bàbà ojú rẹ̀, èyí á di ìpele pupa fẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ni omi àti afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù inú ilẹ̀ á sọ òkè rẹ̀ di àwọ̀ ewé, tàbí búlúù nígbà míì. Bàbà tó di gbogbo èyí, ara owó náà ló ti wá. Ẹ wo ojú àpá lára ẹni tó gbọgbẹ́ nígbà èwe. Kì í ṣe ìdọ̀tí ló lẹ̀ mọ́ ọn. Ara fúnra rẹ̀ ló hun ún. Bí ẹ bá fi abẹ ha á, ẹ ò ní bá awọ tí wọ́n bí i mọ́ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lẹ máa bá.

Owó Hieron Kejì, tó jọba ní Sirakúsì títí di ọdún 215 ṣáájú ìbí Kristi, wà káàkiri, kò sì wọ́n. Orí Poseidon, òrìṣà òkun àwọn Gíríìkì, wà lójú kan, ọ̀kọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta wà lójú kejì, dọ́fíìnì kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, orúkọ ọba, ΙΕΡΩΝΟΣ, sì pín sí méjì nísàlẹ̀. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi ásíìdì fọ̀. Irun Poseidon ti lọ, ΙΕ nìkan ló kù nínú orúkọ náà, ojú owó sì pọ́n, ó lu wínníwínní. Ilà tí òǹtẹ̀ tẹ̀ kò sí nínú idẹ tó kù nísàlẹ̀ mọ́, inú awọ ló wà. Ẹni tó bó awọ náà, àwòrán ló bó dànù.

Owó ọjà ni wọ́n, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi wọ́n. Ní Átẹ́ǹsì, khalkous, owó idẹ kékeré wọn, mẹ́jọ rẹ̀ ló ń jẹ́ obol kan, obol mẹ́fà ló ń jẹ́ drachma kan. Ta ló máa fi ọjọ́ kan wá ìdá kan nínú méjìdínláàádọ́ta drachma tó já bọ́? Ti Filipi ọba Makedóníà tó ní ẹlẹ́ṣin lẹ́yìn, ti Alẹkisáńdà ọmọ rẹ̀ tó ní ọrun àti kùmọ̀ Heracles, akọni inú ìtàn Gíríìkì, ọ̀pọ̀ wọn kò tó àádọ́ta pọ́n-ùn. Awọ ló sábà máa ń sọ èyí tó máa gbówó lórí nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ ìpẹtà pamọ́ fún ohun tó tọ́ sí. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun àwọ̀ ewé tó mọ́lẹ̀ yọyọ, tó ń bọ́ bí ẹ bá fi igi ìtayín kàn án, awọ kọ́ nìyẹn. Kúlóráìdì látinú iyọ̀ ilẹ̀ ló wà nínú idẹ náà. Bí ọ̀rinrin bá ti kàn án, á di ásíìdì, ásíìdì á jẹ bàbà, kúlóráìdì á tún jáde níbẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀tun. Afẹ́fẹ́ Èkó lásìkò òjò ló fẹ́ràn jù. Ẹ ya irú owó bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ sínú ike tó dé dáadáa, pẹ̀lú àwọn àpò kékeré oníkóró tó ń fa omi, irú èyí tó ń wà nínú páálí bàtà.

Àwọn ọlọ́jà kan sì wà tó jẹ́ pé ọ̀dà ni wọ́n ń kùn ún, wọ́n á tún lẹ iyanrìn mọ́ ọn kó lè jọ ti aṣálẹ̀. Ẹ fi òwú bọ ásítóónì tí àwọn tó ń ṣe èékánná fi ń nu ọ̀dà, kí ẹ fi nu etí rẹ̀ kan. Awọ gidi kì í bá òwú lọ. Bí òwú bá mú àwọ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á, kí ẹ sì gba owó yín lójú ẹsẹ̀.