Tí Outlook tàbí Thunderbird bá kọ̀ tí ò gbé ímeèlì wọlé mọ́, ẹ má tíì pààrọ̀ páswọ̀ọ̀dù

Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tó ń gbé èèyàn wá sọ́dọ̀ mi jù láti ọdún mélòó kan: Thunderbird tàbí Outlook, àwọn ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ka ímeèlì, tó ti ń gbé ímeèlì wọlé tipẹ́tipẹ́ á ṣàdédé dákẹ́, fèrèsé kékeré kan á yọjú pé kí wọ́n tẹ páswọ̀ọ̀dù, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, á tún yọjú, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́, á tún yọjú, bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá ṣí Chrome tí wọ́n wọ Gmail tàbí Yahoo níbẹ̀, páswọ̀ọ̀dù kan náà ló máa gbé wọn wọlé láìjanpata. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni kí wọ́n pààrọ̀ páswọ̀ọ̀dù, tí ìyẹn náà ò bá ṣiṣẹ́ wọ́n á yọ àkáǹtì náà kúrò nínú kọ̀ǹpútà pátápátá, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi sí i lákọ̀tun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Páswọ̀ọ̀dù yín ò ní nǹkan ṣe ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gba páswọ̀ọ̀dù ló ti yí padà.

Ẹ kọ́kọ́ lọ wọ ímeèlì yín láti Chrome, lórí kọ̀ǹpútà yẹn gan-an o, kì í ṣe lórí fóònù, torí ó lè jẹ́ pé dátà ọ̀tọ̀ ni fóònù ń lò. Tó bá ṣí, a ti mọ̀ pé àkáǹtì wà, páswọ̀ọ̀dù tọ̀nà, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì sì dé ibẹ̀. Tí ò bá ṣí, ẹ fi Outlook sílẹ̀ ná, ẹjọ́ rẹ̀ kọ́. Àwọn èèyàn á ní "nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wà o, WhatsApp mi ń ṣiṣẹ́." Ẹ má fi WhatsApp ṣe ẹlẹ́rìí. Àwọn ilé iṣẹ́ fóònù ń ta dátà tó jẹ́ ti WhatsApp nìkan, tí dátà gidi bá tán, ìyẹn ṣì lè máa lọ, ẹ̀yin á rò pé kò sí ohun tó ṣe íntánẹ́ẹ̀tì yín.

Tí Chrome náà bá ń pariwo pé ibi tẹ́ ẹ ń lọ ò láàbò, ẹ wo aago kọ̀ǹpútà ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Mo rí èyí gan-an lára àwọn desktop tó ti pẹ́. Bátìrì róbótó kékeré kan wà nínú wọn, CR2032 ló máa ń sábà jẹ́, òun ló ń tọ́jú aago nígbà tí iná bá lọ. Tó bá ti kú, gbogbo ìgbà tí NEPA bá mú iná ni aago á padà sí ọdún àtijọ́, kọ̀ǹpútà á rò pé ọdún 2010 la wà. Ìwé ẹ̀rí tí Gmail tàbí Yahoo fi ń sọ pé àwọn gan-an nìyí, ó ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí, kọ̀ǹpútà tó wà ní 2010 á ní ìwé yẹn ò tíì bẹ̀rẹ̀, á sì tilẹ̀kùn. Ẹ tún aago ṣe, ẹ ra bátìrì náà, kò wọ́n. Àmọ́ tí Thunderbird bá ní kẹ́ ẹ tẹ nǹkan kan láti gba ìwé ẹ̀rí yẹn bẹ́ẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tó bá jẹ́ olè ló dúró láàárín lóòótọ́, ohun kan náà lẹ máa rí lójú kọ̀ǹpútà.

Ó wá ku àwọn tí Chrome ń ṣí fún dáadáa. Ẹ ka ohun tí kọ̀ǹpútà kọ, ẹ má kàn tẹ OK. Tẹ́ ẹ bá rí "timed out" tàbí "refused", kò dé ibẹ̀ rárá, ẹ wo orúkọ server (kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ ímeèlì) àti nọ́ńbà port (ẹnu ọ̀nà tí ímeèlì ń gbà). Tẹ́ ẹ bá ń lo IMAP, ìyẹn ọ̀nà tó ń fi lẹ́tà sílẹ̀ lórí server, ti Gmail ni imap.gmail.com, port 993, SSL/TLS (irú ààbò tẹ́ ẹ máa yàn); ti Yahoo ni imap.mail.yahoo.com, 993 náà ni. Tó bá jẹ́ pé ó ń gbà wọlé ṣùgbọ́n kò ránṣẹ́ jáde, ìyẹn ọ̀tọ̀, server tó ń ránṣẹ́ ni kẹ́ ẹ wò, smtp.gmail.com tàbí smtp.mail.yahoo.com, port 465 pẹ̀lú SSL/TLS tàbí 587 pẹ̀lú STARTTLS. Tẹ́ ẹ bá bá 25 níbẹ̀, ẹ yọ ọ́, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ló ti dí i pa nítorí àwọn tó ń fi ránṣẹ́ gbájúẹ̀. Antivirus náà máa ń dá sí i, àwọn kan lára wọn fẹ́ ṣí gbogbo ímeèlì wò kó tó wọlé, ẹ pa apá ibẹ̀ nìkan, kẹ́ ẹ dán an wò.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ "authentication failed" tàbí "invalid credentials" lẹ rí, ó ti débẹ̀, server dá a lóhùn, ó kàn ní òun ò gbà á ni. Ibi tí ìdí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí.

Tẹ́lẹ̀, Outlook àti Thunderbird máa ń tọ́jú páswọ̀ọ̀dù yín sọ́wọ́, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá lọ wo ímeèlì tuntun ni wọ́n ń gbé e fún server. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá rí páswọ̀ọ̀dù yẹn níbikíbi láyé lè ṣe bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi í ní kóòdù orí fóònù. Ọ̀nà yẹn ni wọ́n dí. Google dí i fún àkáǹtì àwọn èèyàn lásán ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 2022, Microsoft dí ti Hotmail àti Outlook.com ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Èyí tó rọ́pò rẹ̀ ni OAuth2: Thunderbird á ṣí ojúewé Google fúnra rẹ̀ fún yín, ibẹ̀ lẹ ti máa tẹ páswọ̀ọ̀dù àti kóòdù, Google á wá fún Thunderbird ní àṣẹ tiẹ̀, páswọ̀ọ̀dù yín ò sì ní sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Èmi fara mọ́ ọn tọkàntọkàn, bó ti wù kó dà wá láàmú tó lákọ̀ọ́kọ́, torí mo ti rí ohun tí àwọn olè ń fi ímeèlì oníṣòwò ṣe.

Nínú Thunderbird, ẹ lọ sí Account Settings, lẹ́yìn náà Server Settings, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Authentication method sí, ẹ máa bá "Normal password" níbẹ̀, ẹ yí i sí OAuth2. Ẹ ò tíì ṣe tán o. Outgoing Server wà nísàlẹ̀ pátápátá lọ́wọ́ òsì, ẹ yí ti ibẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé èyí tí wọ́n á wá máa ní àwọn ń rí ìwé gbà àwọn ò lè fèsì. Tí ojúewé Google yẹn bá kọ̀ tí ò parí, ẹ wò ó bóyá ẹ ti pa cookies (àwọn àmì kékeré tí ojúewé máa ń tọ́jú sínú ẹ̀rọ) nínú Thunderbird, ó ní láti wà ní ṣíṣí. Páswọ̀ọ̀dù àtijọ́ tó tọ́jú náà, ẹ lọ pa á rẹ́ ní Saved Passwords.

Àwọn tó ń lo Outlook 2010 ńkọ́? Kò mọ OAuth2 rárá. Fún Gmail àti Yahoo, ẹ lè gba app password, ìyẹn páswọ̀ọ̀dù ọ̀tọ̀ fún ètò kan ṣoṣo, ó dà bí kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí yàrá kan péré, kò lè ṣí gbogbo ilé. Ti Google jẹ́ lẹ́tà 16, wọn ò sì ní fún yín àyàfi tẹ́ ẹ bá ti ṣí 2-Step Verification, ìyẹn kóòdù tí wọ́n ń bèèrè lẹ́yìn páswọ̀ọ̀dù. Ohun tó jẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀ lókè nìyí pé kẹ́ ẹ má sáré pààrọ̀ páswọ̀ọ̀dù: ọjọ́ tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ páswọ̀ọ̀dù Google, gbogbo app password tẹ́ ẹ ti gbà ló máa kú, fóònù tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ti Hotmail ò sí nínú èyí, ẹ kàn gbé Thunderbird tuntun sórí ẹ̀rọ ni.

Ẹ gba kóòdù ìpamọ́ (backup codes), èyí tẹ́ ẹ lè fi wọlé tí kóòdù orí fóònù ò bá dé, nígbà tẹ́ ẹ bá ṣí 2-Step yẹn. Mẹ́wàá ni Google ń fúnni, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Àwọn ọmọ wa tó lọ London tí wọ́n fi SIM Nàìjíríà sílé ni mo ń bá sọ jù, orí SIM yẹn ni kóòdù ń lọ, tí SIM bá sì pẹ́ láìlò, wọ́n lè gbé nọ́ńbà náà fún ẹlòmíì.

Ní ti yíyọ àkáǹtì kúrò, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé lápútọ́ọ̀pù wọn wá, ọmọ wọn ti gbé ọwọ́ lé Remove kí wọ́n tó ní kó dúró. Wọ́n bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé àwọn lẹ́tà pẹ́ńṣọ̀n mi ò ní sọnù?" Mo wò ó, POP ni wọ́n ń lò, ọ̀nà tó ń kó lẹ́tà wá sórí kọ̀ǹpútà, wọn ò sì mú "Leave a copy of messages on the server," ìyẹn ni pé bí Outlook ṣe ń gba lẹ́tà ló ń pa á rẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. A ṣí webmail wọn, ìwọ̀nba lẹ́tà ọjọ́ díẹ̀ ló wà níbẹ̀. Gbogbo tọdún 2013 títí di ìsinsìnyí wà nínú fáìlì .pst (ibi tí Outlook ń kó lẹ́tà sí) kan ṣoṣo nínú Documents, nínú fódà Outlook Files. Mo ní, "Bàbá, gbogbo ẹ̀ ló wà ńbí sà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dà á sórí flash." Ká ní wọ́n yọ ọ́, tí wọ́n tún fọ́máàtì lápútọ́ọ̀pù yẹn bí wọ́n ṣe fẹ́, ó tán nìyẹn.

Nítorí náà ẹ wò ó bóyá POP tàbí IMAP ni tiyín. Tó bá jẹ́ IMAP, lẹ́tà wà lórí server, yíyọ rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Tó bá jẹ́ POP, ẹ ṣẹ̀dà rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ti Thunderbird, ẹ lọ sí Help, Troubleshooting Information, ẹ wá Profile Folder, ẹ ṣí i, ẹ pa Thunderbird, ẹ wá dà fódà náà látòkèdélẹ̀ sórí flash tàbí hard disk míì.

Tó bá jẹ́ pé ó ń wọlé dáadáa àmọ́ lẹ́tà tuntun kan ò dé, ẹ wo ààyè. GB 15 tí Google ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, Gmail, Drive àti fọ́tò ló jọ ń pín in, fídíò ayẹyẹ lè jẹ ẹ́ tán.

Tẹ́ ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí ò sì lọ, ẹ ya fọ́tò ohun tó kọ sójú kọ̀ǹpútà gẹ́lẹ́, ẹ sọ irú ímeèlì tó jẹ́ àti ọdún Outlook yín fún ẹni tó bá máa bá yín tún un ṣe. Ẹ má fi páswọ̀ọ̀dù tàbí kóòdù ránṣẹ́ sí i, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá pè yín pé òun ti ilé iṣẹ́ ímeèlì wá tó ní kẹ́ ẹ ka kóòdù fún òun, ẹ gé fóònù náà.