Ohun tí ó ń yọ́ àpáta lábẹ́ òkè ayọnáyèéfín

Bí ó bá ṣeé ṣe láti gbẹ́ ilẹ̀ Òṣogbo wọ ìsàlẹ̀ títí dé ìwọ̀n kìlómítà 150, ooru tí a ó bá níbẹ̀ yóò ju 1,000 lọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréètì, síbẹ̀ líle ni àpáta ibẹ̀ yóò wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òkun iná kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, tí ó kàn ń wá ihò tí yóò gbà jáde, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹrù àpáta tí ó wà lókè tẹ èyí tí ó wà nísàlẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an débi pé kò rí àyè yọ́, bí ó tilẹ̀ gbóná tó bẹ́ẹ̀. Kí òkè ayọnáyèéfín tó lè wáyé, nǹkan kan gbọ́dọ̀ dín ẹrù yẹn kù, tàbí kí ó mú kí ó rọrùn fún àpáta náà láti yọ́, ìrìn ilẹ̀ ni ó sì sábà máa ń ṣe méjèèjì.

Èèpo ayé, pẹ̀lú àpáta líle tí ó lẹ̀ mọ́ ọn nísàlẹ̀, pín sí awẹ́awẹ́ bí obì: àwọn ńláńlá bíi méje, àti ọ̀pọ̀ kéékèèké láàárín wọn. Àpáta tí àwọn awẹ́ wọ̀nyí dúró lé kì í ṣe olómi, ṣùgbọ́n ó gbóná débi tí ó fi ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ láti ọdún dé ọdún, àwọn awẹ́ náà sì ń rìn lórí rẹ̀. Awẹ́ tí Áfíríkà wà lórí rẹ̀ ń rìn ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 2 lọ́dún.

Ní àárín Òkun Àtìláńtíìkì, awẹ́ Áfíríkà àti ti Gúúsù Amẹ́ríkà ń ya kúrò lára ara wọn. Bí wọ́n ti ń yà, àpáta gbígbóná ń gòkè wá dí àlàfo náà. Bí ó ti ń gòkè ni ẹrù orí rẹ̀ ń fúyẹ́, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ láìjẹ́ pé ooru kankan kún un. Abẹ́ omi ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀ jù lọ, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í rí i, àyàfi ní irú ibi bíi Iceland, níbi tí ó ti yọ sókè sí gbangba.

Ibi tí awẹ́ kan ti ń wọ abẹ́ òmíràn ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Ìsàlẹ̀ òkun tí ó ti pẹ́ máa ń tutù, a sì máa wúwo, nítorí náà òun ni ó máa ń rì sábẹ́ èkejì, bí awẹ́ Nazca, tí ó wà lábẹ́ Òkun Pàsífíìkì, ṣe ń wọ abẹ́ Gúúsù Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó bá rò ó dáadáa yóò béèrè bí ohun tútù ṣe lè fa iná. Omi ni ìdáhùn. Ọjọ́ pípẹ́ tí àpáta náà ti lò lábẹ́ òkun ti jẹ́ kí omi wọ inú rẹ̀, tí ó sì di ara rẹ̀. Nígbà tí ó bá rì dé nǹkan bíi kìlómítà 100, ooru àti ẹrù yóò fún omi náà jáde sínú àpáta gbígbóná tí ó wà lókè rẹ̀. Àpáta tí omi bá wọ̀ kì í nílò ooru púpọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀ kí ó tó yọ́. Èyí tí ó yọ́ yìí yóò gba inú èèpo ilẹ̀ gòkè, yóò máa ki sí i lójú ọ̀nà, gáàsì yóò sì há sínú rẹ̀ títí tí yóò fi bú gbàù. Bẹ́ẹ̀ ni Pinatubo ní orílẹ̀-èdè Philippines ṣe bú ní oṣù kẹfà ọdún 1991, lẹ́yìn tí ó ti sùn fún nǹkan bí 500 ọdún. Irú àwọn òkè bẹ́ẹ̀ ni ó yí Òkun Pàsífíìkì ká láti Chile títí dé Jàpáànù àti Indonéṣíà.

Kì í ṣe gbogbo ibi tí awẹ́ ti ń pàdé ni iná ti ń jáde. Níbi tí Íńdíà ti kọlu Éṣíà, kò sí èyí tí ó fẹ́ rì nínú àwọn méjèèjì. Òkè Himalaya ni ó hù níbẹ̀, láìsí iná. Hawaii yàtọ̀ pátápátá, nítorí pé àárín awẹ́ ni ó wà: ooru kan ń gòkè láti ìsàlẹ̀ jíjìn, awẹ́ sì ń kọjá lórí rẹ̀, èyí tí ó fi ń bí erékùṣù kan tẹ̀ lé òmíràn.

Òṣogbo náà jìnnà sí etí awẹ́. Láti ibẹ̀ dé àárín òkun tí a mẹ́nu bà lókè ju kìlómítà 2,000 lọ. Òkè Kamẹrúùnù ni ìbẹ̀rù tí ó sún mọ́ wa jù, ó sì yọ iná ní ọdún 1999 àti 2000, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà kò sí ní etí awẹ́, tí àwọn onímọ̀ sì ń jiyàn lórí ohun tí ó fà á. Àmọ́ ilẹ̀ Ọ̀ṣun kò fìgbà gbogbo dákẹ́. Ní àgbègbè Ifẹ̀ àti Iléṣà, àpáta dúdú kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní amphibolite: àpáta yíyọ́ tí ó jáde láti inú ilẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ nígbà láéláé, kí ìkọlù àwọn awẹ́, èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn, tó tẹ̀ ẹ́, tí ó sì sè é di ohun tí ó jẹ́ lónìí.