Igi Ò Pe Òjò Lórí Òkè Ascension

Tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ erékùṣù Ascension, gbólóhùn kan tó máa ń súni ni pé "igi tí wọ́n gbìn ló ń pe òjò." Igi ò pe òjò kankan o. Kùrukùru tó ń bá tiẹ̀ lọ jẹ́ẹ́jẹ́ ni igi dá dúró, tó sì gba omi lọ́wọ́ ẹ̀.

Àárín òkun Atlantic ni erékùṣù yẹn wà, nǹkan bíi 1,600 kìlómítà sí etíkun Áfíríkà, iná abẹ́ ilẹ̀ ló pọ̀ ọ́ jáde, àpáta dúdú àti eérú pupa káàkiri. Àwọn Potogí rí i ní 1501, wọ́n kó ewúrẹ́ síbẹ̀, ewúrẹ́ wá ń jẹ ìwọ̀nba ewé tó wà. Ní 1815 àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì jókòó síbẹ̀ torí Napoleon, olú ọba Faransé tẹ́lẹ̀, tí wọ́n há mọ́ erékùṣù St Helena, nígbà tó yá, ibẹ̀ làwọn ọkọ̀ ogun tó ń lé ọkọ̀ ẹrú létíkun tiwa níbí máa ń gbé àwọn tí ibà dá dùbúlẹ̀ lọ. Omi ni wàhálà wọn. Joseph Hooker, onímọ̀ nípa ewéko, débẹ̀ ní 1843, ó ní kí wọ́n gbin igi sórí òkè, ọgbà Kew ní London sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn ránṣẹ́ láti 1850.

Òkè yẹn ga ní mítà 859. Atẹ́gùn tó ti mu omi òkun yó á kọlu òkè, kò ríbi gbà àfi kó gùn ún, bó ṣe ń gòkè ló ń tutù, ló bá di kùrukùru. Ẹ wá fi kùrukùru ṣe dáńfó, omi tín-tìn-tín inú ẹ̀ lèrò. Tó bá jẹ́ àpáta lásán ló ń kọjá, kò sí bọ́sítọ́ọ̀bù, gbogbo èrò ló máa gbé kọjá sódìkejì, oòrùn á fà wọ́n gbẹ dànù. Ṣùgbọ́n tí igi bá wà, gbogbo ewé ló ń pariwo "ó wà o!", èrò á máa bọ́ọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kọndọ́ á so wọ́n pọ̀ sórí ṣéńjì kan, wọ́n á ṣù jọ sẹ́nu ewé títí wọ́n á fi wúwo, tó, tó, tó, ó ti kán sílẹ̀. Ewé tín-ín-rín ló mọṣẹ́ yìí jù, torí atẹ́gùn máa ń yà fún ewé fífẹ̀, á sì kó èrò ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ọparun orí òkè yẹn fi ń kán omi láìsí òjò, tí ẹsẹ̀ èèyàn á sì máa rì sínú ẹrẹ̀, nígbà tí ìsàlẹ̀ gbẹ táútáú.

Ọgbọ́n ńlá ni jàre, kò gba pọ́ǹpù, kò gba dísù. Ohun tí wọn ò rò ni àwọn onílé, ìyẹn ewéko tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó kó tàjèjì dé. Ewéko kékeré kan wà níbẹ̀ tó jọ parsley, Anogramma ascensionis, kò sí níbòmíì láyé, àwọn ewéko àlejò fún un mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkè débi pé wọ́n ti kéde pé ó ti parẹ́, àfìgbà tí wọ́n tún rí ìwọ̀nba díẹ̀ lára òkè tó dà gẹ̀rẹ́. Kew tó kó àlejò wá náà ni wọ́n gbé e lọ fún pé kó bá wọn tọ́ ọ.