“Káńsù á fún un ní fláàtì”: ìgbàgbọ́ tó ń mú ọmọ wa sùn síta ní London

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan ní Peckham, ìyá kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 17, ti kúrò nílé láti alẹ́ Jímọ̀. Bàbá rẹ̀ ló ní kó jáde. Ó kó aṣọ rẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú méjì, irú èyí tí wọ́n fi ń da ìdọ̀tí nù, ó sì lọ. Mo bi í pé ibo lọmọ náà wà báyìí. Ó ní, “Káńsù á ti fún un ní fláàtì. Ṣebí bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn.”

Mi ò bínú sí i. Ọ̀rọ̀ yìí kún ẹnu àwọn òbí wa ní London. Mo ti gbọ́ ọ lórí WhatsApp, mo ti gbọ́ ọ nílé onídìrí. Àwọn kan gbà pé fláàtì ọ̀fẹ́ ni ọmọ tó bá kúrò nílé ń lé kiri. Àwọn mìíràn gbà pé bí àwọn bá tilẹ̀ lé e, ìjọba á gbé e. Méjèèjì ò rí bẹ́ẹ̀, èkejì yìí ló sì ń pa wá lára jù.

Ẹ rántí ohun tí “jáde nílé mi” jẹ́ ní Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú. Bàbá á pariwo, ọmọ á gba ilé ìyá àgbà lọ, tàbí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá ní ojúlé kejì. Á jẹ ẹ̀bà níbẹ̀, á sùn lórí ẹní. Bí ilẹ̀ bá mọ́, àgbà kan á fà á lọ́wọ́ wá bẹ bàbá, ọ̀rọ̀ á tán. Agboolé ló ń gba ìbínú yẹn sára. Ní London, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà. Bí wọ́n bá ti tì í, títì ló kù. Lójú tèmi, káńsù la ti fi sípò agboolé nínú ọkàn wa, bẹ́ẹ̀ káńsù ò mọ ọmọ náà rí.

Lábẹ́ òfin ọmọdé ti 1989 ní England, ọmọ ọdún 16 tàbí 17 tí kò níbi sùn, àwọn tí a ń pè ní “social”, ẹ̀ka káńsù tó ń bójú tó ọmọdé, lọ́rọ̀ rẹ̀ kàn. Nígbà kan, àwọn káńsù kan a máa ti irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé, kí wọ́n wá yàrá fún un, kó parí síbẹ̀. Ọmọ ọdún 17 kan tí ìyá rẹ̀ ní kó jáde ló pe káńsù Southwark lẹ́jọ́, Southwark tí Peckham yìí gan-an wà lábẹ́ rẹ̀, títí ẹjọ́ fi dé House of Lords, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nígbà náà. Ní oṣù karùn-ún 2009, àwọn adájọ́ dá a láre: irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò ìtọ́jú, òrùlé nìkan ò tó.

Ohun àkọ́kọ́ tí social worker, òṣìṣẹ́ ẹ̀ka yẹn, á fẹ́ ṣe ni kó bá òbí sọ̀rọ̀. Á béèrè ohun tó fa ìjà, á wò ó bóyá ọmọ lè padà sílé láìséwu, tàbí bóyá àǹtí kan lè gbà á. Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe ni wọ́n á wá ibùgbé. Ẹni tí físà rẹ̀ kò jẹ́ kó gba owó ìjọba náà lè pè wọ́n: ààbò ọmọdé lábẹ́ òfin yìí kò sí lára owó tí físà ní ká má gbà.

Ibùgbé ọ̀hún wá ńkọ́? Yàrá kan ni. Bẹ́ẹ̀dì ẹnì kan, kọ́bọ́ọ̀dù kan, ilé ìdáná tí òun àtàwọn mìíràn jọ ń lò, wàrà nínú fíríìjì tí wọ́n fi bírò kọ orúkọ sí lára kí ẹlòmíì má baà mu ún. Òṣìṣẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, àlejò á kọ orúkọ sínú ìwé kó tó wọlé, bí alẹ́ bá sì lẹ́, àlejò á lọ. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní òṣìṣẹ́ tirẹ̀, key worker, tó ń bá a jókòó déédéé: báwo lo ṣe ná owó rẹ, ṣé o ti padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ṣé o ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà, ṣé o ti pe mọ́mì? Láti oṣù kẹwàá 2023, àwọn tó ń gba ọmọ ọdún 16 àti 17 tó wà lábẹ́ ìtọ́jú káńsù sírú ilé yìí gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ofsted, àwọn kan náà tó ń yẹ ilé ìwé wò. Iṣẹ́ rere ni mo ka iṣẹ́ wọn sí. Ṣùgbọ́n ibùdúró fún ìgbà díẹ̀ ni, ọmọ ò ní gbé e títí láé.

Ẹni tó ti pé 18 tún rí i le jù. Láti oṣù kẹrin 2018, òfin ní kí káńsù bá ẹni tí kò nílé ṣètò, kó sì ràn án lọ́wọ́ fún ọjọ́ 56. Ìrànlọ́wọ́ láti wá ilé ni o. Ọmọ ọdún 22 tí ara rẹ̀ le, tí kò bímọ, tí kò dàgbà lọ́wọ́ ìjọba, kì í sábà wà lára àwọn tí wọ́n gbọ́dọ̀ fún nílé. Bó bá fẹ́ háyà fúnra rẹ̀, owó yàrá kan nínú ilé àjọgbé ni wọ́n sábà fi ń díwọ̀n ìrànwọ́ ẹni tó dá wà tí kò tíì pé 35. Universal Credit, owó ìrànwọ́ oṣooṣù ìjọba, ti ẹni tí kò tíì pé 25 sì tún kéré sí ti àgbà, bẹ́ẹ̀ iye kan náà ni wọ́n ń ta búrẹ́dì fún àwọn méjèèjì.

A máa ń sọ pé ọmọ tó sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú ìṣirò ìjọba England, ohun tó ń sọ ọ̀dọ́ di aláìnílé jù lọ ni pé ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ kò gbà wọ́n mọ́. Ilé ló sọ wọ́n nù.

Ètò kan wà tó ń jẹ́ Nightstop, tí àjọ aláàánú Depaul UK ń bójú tó. Ẹni tó ní yàrá tó ṣófo á gba ọ̀dọ́ kan sílé lálẹ́, á fún un lóúnjẹ, á jẹ́ kó wẹ̀. Kò sí ohun tó jọ agboolé lójú mi níbí tó èyí. Àlùfáà Anglican kan, Ken Leech, ló sì bẹ̀rẹ̀ àjọ Centrepoint ní Soho, àárín London, ní 1969, nítorí àwọn ọ̀dọ́ tí kò níbi sùn. Mo ń ro iye ṣọ́ọ̀ṣì wa tó wà ní Peckham nìkan.

Bí a ṣe dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, àbúrò ọmọ yẹn, obìnrin, tó di Bíbélì ìyá rẹ̀ mú, ló là á mọ́lẹ̀. Lálẹ́ Jímọ̀, ẹ̀gbọ́n òun sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìyá ọ̀rẹ́ náà ò mọ̀. Lálẹ́ Sátidé, inú bọ́ọ̀sì alẹ́ ló wà, ó ń lọ, ó ń bọ̀, títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo fún ìyá rẹ̀ ní nọ́ńbà tí káńsù ń gbé ní òpin ọ̀sẹ̀. Ó bi mí pé kí lòun fẹ́ sọ fún bàbá rẹ̀. Mo ní, “Ẹ sọ fún wọn pé inú bọ́ọ̀sì ló sùn.”