Ìgbàgbé tí ìsoríkọ́ ń fà: báwo ló ṣe yàtọ̀ sí ṣíṣarán?

Ìyá kan ń ta aṣọ lọ́jà. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀, oníbàárà kan san ₦5,000 àsansílẹ̀ lórí léèsì, ó ní òun á wá san ìyókù lálẹ́. Nígbà tó padà dé, ìyá ní ẹnikẹ́ni ò san kọ́bọ̀ fún òun lórí léèsì yẹn. Ó ń búra, owó sì wà nínú àpò tó so mọ́dìí. Tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ohun tí ará ilé máa kọ́kọ́ sọ ni pé àgbà ti dé sí Màmá, iyè wọn ti ń ra. Ẹnì kan á wá ìsọ̀yè lọ, ẹlòmíràn á lọ ra oògùn ọpọlọ ní kẹ́míìsì. Bẹ́ẹ̀ ó ti tó oṣù méjì tí ìyá yìí kì í sùn kọjá aago mẹ́ta òru, oúnjẹ ò wù ú jẹ, kò sì bá ẹgbẹ́ lọ òde mọ́. Ìsoríkọ́ ló ń ṣe é, òun ló sì ń jí ohun tó yẹ kó rántí gbé.

Ìsoríkọ́ tí à ń wí níbí ju ìbànújẹ́ ọjọ́ méjì lọ. Kí dókítà tó lo orúkọ yẹn, nǹkan náà ti gbọ́dọ̀ wà lára èèyàn fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, lójoojúmọ́ tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́. Àmì mẹ́sàn-án ni wọ́n ń wò, márùn-ún nínú ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ pé. Ọ̀kan nínú márùn-ún yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ ìbànújẹ́ ọkàn tí kì í lọ, tàbí kí ohun tó ń dùn mọ́ni tẹ́lẹ̀ má dùn mọ́ni mọ́. Àwọn yòókù ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ, oorun, àárẹ̀, ara tó falẹ̀ tàbí tí kò lè jókòó sójú kan, ẹ̀bi tí èèyàn ń dá ara rẹ̀, ìrònú ikú, àti èyí tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n: kí ọkàn má lè pa pọ̀ sójú kan. Ìyẹn ni pé inú àìsàn yìí fúnra rẹ̀ ni ìgbàgbé ti ń wá, bí ara gbígbóná ṣe ń bá ibà rìn.

Ohun tí a bá máa rántí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé, kó rí ibi jókòó sí, kó tó di pé a lè pè é jáde. Ẹnu ọ̀nà ni ìsoríkọ́ ti ń ṣọṣẹ́ jù. Iwájú ọpọlọ, lẹ́yìn egungun iwájú orí, ló ń ṣe adènà, àyè ọwọ́ rẹ̀ ò sì pọ̀: bíi nǹkan mẹ́rin ló lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó sorí kọ́ ti fi èyí tó pọ̀ jù nínú àyè yẹn gbé èrò kan náà tó ń yí po látàárọ̀: gbèsè, ọmọ tí kò pè, ọ̀rọ̀ tí àbúrò ọkọ sọ lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí oníbàárà na owó sí i, ọwọ́ gbà á, ojú rí i, ẹnu pàápàá dúpẹ́. Ọkàn ò sí níbẹ̀. Owó wọ àpò, ọ̀rọ̀ owó ò wọ ọpọlọ. Ohun tí kò wọlé kò sì ṣeé wá lálẹ́. Ìyá ò purọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe agídí. Ibí yìí ni ará ilé ti máa ń ṣìnà: wọ́n á tún ọ̀rọ̀ sọ lóhùn òkè, "Ẹ rántí, Màmá!", bí ìgbà tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn ilé tí kò sẹ́nì kankan nínú ẹ̀.

Èyí tó wọlé pàápàá, ó le láti pè jáde, torí wíwá nǹkan nínú iyè gba agbára, agbára gan-an ni kò sí. Ìsoríkọ́ tún máa ń ṣojúsàájú: ohun búburú á yára jáde, ohun rere á fà sẹ́yìn. Ní ọdún 1986, Mark Williams àti Keith Broadbent, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara wọn. Wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ kan, bí ìdùnnú, wọ́n á ní kí ẹni náà mú ọjọ́ kan pàtó jáde. Dípò ọjọ́ kan, ìgbà gbọọrọ ni àwọn aláìsàn yẹn sábà ń rí mú jáde. Nílé wa, ẹni tára rẹ̀ yá á ní, "Ọjọ́ tí Túnjí parí ilé ẹ̀kọ́, òjò lé wa wọ yàrá pẹ̀lú ìkòkò ìrẹsì." Ẹni tó sorí kọ́ á ní, "Nígbà tí àwọn ọmọ ṣì kéré." Ó dà bí ohun kékeré, àmọ́ ẹni tí kò lè rántí ọjọ́ kan pàtó kò lè rántí ọgbọ́n tó fi bọ́ nínú wàhálà ọjọ́ náà.

Lọ́gangan ibi tí etí wà, ṣùgbọ́n ní inú lọ́hùn-ún, ẹ̀yà ọpọlọ kan wà tó ń jẹ́ hippocampus, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Òun ló ń so ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ pọ̀ kó tó di ìrántí. Ó tún jẹ́ ibi tí kọ́tísọ́ọ̀lù ń lágbára lé lórí gan-an, ìyẹn họ́mónù tí ẹṣẹ́ kékeré orí kíndìnrín ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà ìnira. Lára ẹni tára rẹ̀ dá, kọ́tísọ́ọ̀lù máa ń ga láàárọ̀ kùtù, á sì wálẹ̀ tó bá di alẹ́. Lára ọ̀pọ̀ ẹni tó sorí kọ́, kì í wálẹ̀ bó ṣe yẹ, tó bá sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, á máa dí hippocampus lọ́wọ́. Àwòrán MRI ti fi hàn pé ẹ̀yà yìí máa ń kéré díẹ̀ lára àwọn tí ìsoríkọ́ ti mú lọ́pọ̀ ìgbà. Díẹ̀ ni o: kò sẹ́ni tó lè wo àwòrán ọpọlọ ẹnì kan kó fi sọ pé ó sorí kọ́. Oorun náà ní ọwọ́ níbẹ̀, torí inú oorun ni ọpọlọ ti ń fìdí ohun ọ̀sán múlẹ̀.

Ní ti ṣíṣarán, pàápàá irú èyí tí àrùn Alzheimer ń fà, ìpamọ́ fúnra rẹ̀ ló ń bàjẹ́. Ọ̀nà kan wà tí èèyàn fi lè rí ìyàtọ̀ náà. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ rí i pé wọ́n ti jẹun, ẹ sì jókòó síbi tí wọ́n á ti gbọ́ yín, torí etí tó di lè mú kí èèyàn kùnà lásán. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: àga, ọsàn, bàtà. Ẹ ní kí Màmá sọ ọ́ tẹ̀lé yín. Tí kò bá pé mẹ́ta, ẹ tún un sọ. Ẹ wá bá wọn sọ ọ̀rọ̀ mìíràn fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ tó béèrè ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó sorí kọ́ sábà máa ń ní, "Mi ò mọ̀, ẹ fi mí sílẹ̀." Ẹ má tíì kúrò níbẹ̀. Ẹ ní, "Ọ̀kan nínú ẹ̀ jẹ́ èso." Lọ́pọ̀ ìgbà, ọsàn á jáde. Ẹni tó ní Alzheimer lè ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, tàbí kó ní ẹ ò sọ ọ̀rọ̀ kankan fún òun. Èyí ò tó fi dájọ́ àìsàn. Ohun tó wúlò fún ni kí ẹ rí nǹkan pàtó sọ fún dókítà, ju "wọ́n ń gbàgbé" lọ.

Àwọn ìyàtọ̀ yòókù rọrùn. Ìgbàgbé ìsoríkọ́ ní oṣù tó bẹ̀rẹ̀, ará ilé á rántí rẹ̀. Ṣíṣarán ń yọ́ wọlé fún ọdún mélòó kan. Ẹni tó sorí kọ́ fúnra rẹ̀ ló sábà ń ráhùn pé òun ń gbàgbé. Ẹni tó ń ṣarán sábà máa ń bò ó mọ́lẹ̀, á tún bínú sí ẹni tó bá sọ ọ́. Ẹni tó sorí kọ́ kì í sábà ṣìnà láti ọjà dé ilé.

Leslie Kiloh, dókítà àìsàn ọpọlọ, kọ̀wé ní 1961 lórí irú àwọn aláìsàn tó jọ pé wọ́n ń ṣarán àmọ́ tí wọn kò ṣarán. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè é túmọ̀ sí ṣíṣarán ayédèrú. Orúkọ náà ò dára tó, torí ìgbàgbé ọ̀hún kì í ṣe ayédèrú rárá. Ìsoríkọ́ àti ṣíṣarán tún lè jọ wà lára ẹnì kan ṣoṣo. Ìsoríkọ́ tó kọ́kọ́ mú èèyàn lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún, tí kò mú un rí, máa ń jẹ́ ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ Alzheimer nígbà mìíràn, tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń ba òpó ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ jẹ́. Nítorí náà, bí ara tilẹ̀ yá, ó yẹ kí wọ́n máa yẹ iyè ẹni bẹ́ẹ̀ wò lọ́dọọdún. Síbẹ̀ kí a má yára pe gbogbo àgbà tó gbàgbé ní ẹni tó ń ṣarán. Nínú ìwádìí tí Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà jọ ṣe, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2001, nínú ọgọ́rùn-ún àgbà tó ti pé ọdún 65 ní Ìbàdàn, bíi 1.35 ni ṣíṣarán ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dún kan. Ti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis jẹ́ 3.24.

Ohun tó ń fi ìsoríkọ́ pamọ́ láàárín wa ni bí a ṣe ń sọ ọ́. "Orí mi ń gbóná." "Nǹkan kan ń rìn nínú orí mi." "Ọkàn mi ò lélẹ̀." Nọ́ọ̀sì á gbọ́ orí gbígbóná, ó di oògùn ibà. Carothers, dókítà ìgbà amúnisìn ní Kẹ́ńyà, tilẹ̀ kọ ọ́ pé ìsoríkọ́ ṣọ̀wọ́n láàárín ọmọ Áfíríkà. Àbọ̀ ìwádìí tí Adeoye Lambo àti Alexander Leighton, dókítà àìsàn ọpọlọ méjì, ṣe ní agbègbè Abẹ́òkúta, tó jáde ní 1963, já a nírọ́: àwọn ará abúlé lè má ní orúkọ kan ṣoṣo fún un, àmọ́ wọ́n mọ àmì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Tí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, bóyá Árò l'Ábẹ́òkúta, Yaba l'Ékòó tàbí UCH n'Ìbàdàn, wọ́n lè lo ìbéèrè mẹ́sàn-án tó ń jẹ́ PHQ-9. Odo sí mẹ́ta ni máàkì ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, 27 ni gbogbo rẹ̀, ẹni tó bá ní 10 sókè yẹ kí wọ́n wò dáadáa. Ìbéèrè keje ni ti ọkàn tí kò pa pọ̀. Ìkẹsàn-án ni ti ikú: tí ìdáhùn rẹ̀ kò bá jẹ́ odo, kí dókítà rí ẹni náà lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí ẹ sì kó apakòkòrò àti oògùn kúrò nílẹ̀.

Ẹ kó gbogbo oògùn tó wà nílé sínú ọ̀rá kan, ẹ gbé e dání lọ. Diazepam àti Lexotan, oògùn oorun tí wọ́n ń rà láìní ìwé dókítà, ń dí iyè lọ́wọ́, Piriton tí wọ́n ń lò fún ara yíyún náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ lára àgbà. Amitriptyline pàápàá, tí wọ́n fi ń tọ́jú ìsoríkọ́, lè mú kí àgbà máa gbàgbé sí i. Ó yẹ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún táírọ́ọ̀dù, ìyẹn ẹṣẹ́ ọrùn, tó falẹ̀, vitamin B12, àìtó ẹ̀jẹ̀, ṣúgà àti HIV, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè múni sorí kọ́, kó sì múni gbàgbé.

Oògùn ìsoríkọ́ kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ó ń gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí ìyàtọ̀ tó hàn. Oorun àti oúnjẹ sábà máa ń kọ́kọ́ padà, iyè ló sábà máa ń pẹ́ jù. Ọ̀pọ̀ ń dá oògùn dúró níbi tí oorun ti padà, àìsàn á tún gbé wọn ṣubú. Ó kéré tán, oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí ara bá ti yá ni wọ́n fi ń lò ó, dókítà ló sì ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ìrìn náà ń ṣiṣẹ́: nínú ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà tó jáde ní 2011, àwọn àgbà tó ń fi ogójì ìṣẹ́jú rìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún ọdún kan, hippocampus wọn tóbi sí i ní bíi ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ní ti ọjà, ìwé kan ṣoṣo ni kí Màmá ní, kó má di méjì. Kí wọ́n kọ owó sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó san án kí owó tó wọ àpò, kí wọ́n sì kà á sókè fún oníbàárà. Ẹ̀yìn ìwé yẹn ni kí ọmọ ilé ti máa fa ìlà kan fún ìgbàgbé kọ̀ọ̀kan, kó kọ déètì sí i. Tí ẹ bá padà sọ́dọ̀ dókítà ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, tó béèrè bí ara ṣe ń ṣe wọ́n, Màmá lè ní kò sí ìyàtọ̀ kankan, torí ọjọ́ tí nǹkan bàjẹ́ nìkan ni wọ́n á rántí. Ẹ ṣí ẹ̀yìn ìwé, ẹ ka ìlà fún dókítà.