Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ní Samoa ti Amẹ́ríkà

Bí wọ́n bá dárúkọ Samoa ti Amẹ́ríkà, erékùṣù inú òkun Pàsífíìkì, nídìí bọ́ọ̀lù, 31-0 tí Australia nà wọ́n lọ́dún 2001 ló máa ń wá sọ́kàn èèyàn. Ṣùgbọ́n eré náà ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Lọ́dún 1983, níbi ìdíje South Pacific Games ní Apia, Samoa kejì, orílẹ̀-èdè olómìnira tó jẹ́ ìbátan wọn, nà wọ́n 3-1. Àwọn náà sì na Wallis àti Futuna 3-0.

Kí ló wá dé tí kò gbilẹ̀? Abẹ́ Amẹ́ríkà ni wọ́n wà láti 1900. Bọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, ni ọmọkùnrin tó bá sígbọnlẹ̀ ń lé níbẹ̀, torí ó lè gbé e dé yunifásítì Amẹ́ríkà lọ́fẹ̀ẹ́. Rugby náà sì ń kó nínú àwọn tó kù.

FIFA gbà wọ́n wọlé lọ́dún 1998. Nígbà tí ìdíje àtiyege fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé kàn wọ́n ní Coffs Harbour, Australia, FIFA ní ẹni tí kò bá ní ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún wọn. Bí ẹgbẹ́ ṣe tú nìyẹn. Nicky Salapu, aṣọ́lé, nìkan ló kù nínú àwọn tí wọ́n ti yàn. Wọ́n bá yíjú sí àwọn tí kò tíì pé ogún ọdún, ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ girama tún dá ọ̀pọ̀ wọn dúró sílé. Ọmọ ọdún 15 wà nínú àwọn tó kojú Australia ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin, ọdún 2001. Archie Thompson nìkan gbá 13 wọlé. Ẹni tó ń kọ ayò sójú pátákó pàápàá ṣìrò, 32 ló kọ́kọ́ kọ! Ẹ má sì gbàgbé pé Australia kan náà ti na Tonga 22-0 lọ́jọ́ méjì ṣáájú. Lójú tèmi, ètò ìdíje náà jẹ̀bi ju àwọn ọmọ yẹn lọ. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké máa kọ́kọ́ bá ara wọn gbá a. Australia sì kó lọ sínú àjọ bọ́ọ̀lù Éṣíà lọ́dún 2006.

Lọ́dún 2011, nígbà tí ìdíje àtiyege fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé míì dé, Thomas Rongen, ọmọ Netherlands tó ń gbé Amẹ́ríkà, wá ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Salapu padà sẹ́nu ilé. Jaiyah Saelua ń gbá ọwọ́ ẹ̀yìn. Fa'afafine ni, ẹni tí wọ́n bí ní ọkùnrin tó ń gbé bí obìnrin, àṣà Samoa sì mọ irú wọn dáadáa. Ramin Ott àti Shalom Luani gbá bọ́ọ̀lù wọlé, wọ́n na Tonga 2-1 ní Apia, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa borí láti ìgbà tí wọ́n ti wọ FIFA. Wọ́n gbá ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Cook Islands. Samoa ìbátan wọn ló wá já wọn sílẹ̀, 1-0, nígbà tí eré ti fẹ́ parí.