Kí ẹ tó gbin róòsì abolẹ̀, ẹ yanjú ọ̀rọ̀ èpò

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, màmá kan ní gúúsù London ní kí n wá bá òun wo iwájú ilé òun. Ilẹ̀ ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ojú títì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko kò lè dúró lórí rẹ̀. Níbi tó ti ra òdòdó, wọ́n sọ fún un pé róòsì abolẹ̀ ni kó gbìn, pé yóò tàn, yóò sì bo èpò pa. Ó gbin mẹ́sàn-án. Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́dún kejì, èpò afàgùn tí wọ́n ń pè ní bindweed ti lọ́ mọ́ wọn lọ́rùn, koríko tí wọ́n ń pè ní couch grass ti hù láàárín ẹ̀ka, ọwọ́ màmá sì kún fún ojú ẹ̀gún. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ohun tí wọ́n ní yóò bo ilẹ̀ nìyí?"

Ó dùn mí, torí mo fẹ́ràn irú róòsì yìí púpọ̀. Kì í ga, ó ń fà lọ sí ẹ̀gbẹ́, èyí tó pọ̀ nínú wọn sì ń tanná láti oṣù kẹfà títí òtútù yóò fi dé. Àlàyé tí wọ́n fi tà á fún màmá ni kò pé.

Ẹni tó bá ti wọ oko ẹ̀gúsí rí yóò tètè yé. Ẹ̀gúsí a máa fà, a tẹ́ ewé bo ilẹ̀, oòrùn kò ní ráyè kan èpò lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ wo ló máa gbin ẹ̀gúsí sínú ẹ̀kan láì kọ́kọ́ ro ó? Bẹ́ẹ̀ ẹ̀gúsí yára ju róòsì lọ. Ọdún méjì sí mẹ́ta ni róòsì abolẹ̀ ń lò kí ẹ̀ka wọn tó pàdé. Ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń wọ́wé nígbà òtútù, tí ilẹ̀ á ṣí sílẹ̀ gbayawu, tí èpò á ti máa yọjú kí ewé tuntun tó jáde. Ẹ tún fi ẹ̀gún kún un: ìgbà tó yẹ kí ẹ fa èpò náà tu gan-an ni ọwọ́ kò ní lè wọ ibẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí a tó gbìn ín ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù wà. Couch grass ni ẹ̀kan ilẹ̀ yìí. Gbòǹgbò funfun rẹ̀ ń rìn lábẹ́ ilẹ̀. Tí ṣọ́bìrì bá gé e sí mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lè hù. Fọ́ọ̀kì oko ni kí ẹ fi gbé erùpẹ̀ sókè, kí ẹ fi ọwọ́ ṣa gbòǹgbò náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti bindweed le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí gbòǹgbò rẹ̀ lè lọ ju mítà kan lọ sísàlẹ̀. Kò sí bí ẹ ṣe máa gbẹ́ ẹ tán lọ́jọ́ kan. Èmi máa ń fi ọ̀rá dúdú tó nípọn bo irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan gbáko, èyí tó bá yọ létí rẹ̀, mo ń hú u. Àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́ ọdún kan. Mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọdún kan yẹn sàn ju kí a máa bá ẹ̀gún jà fún ọdún mẹ́wàá.

Ní ti irú èyí tí ẹ máa rà: Kent, tí ilé iṣẹ́ Poulsen ní Denmark mú jáde, funfun ni, ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 45, ó sì fẹ̀ tó 90. Surrey, ti Kordes ní Jámánì, aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ó tóbi jù ú lọ. Flower Carpet tí Noack mú jáde, Heidetraum ni wọ́n ń pè é ní Jámánì, àrùn kì í tètè ràn án. The Fairy ti wà láti 1932, mi ò tíì rí ẹni tó gbìn ín tó kábàámọ̀. Max Graf ti 1919 ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń tanná lọ́dún, àmọ́ ibi tí ẹ̀ka rẹ̀ bá ti kan ilẹ̀ ló ti ń ta gbòǹgbò; ó dára fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ńlá tó jìnnà sílé.

Ẹ wá ibi tí oòrùn ń kàn fún wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà lóòjọ́, kó má sì jẹ́ ibi tí róòsì mìíràn ti gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í gba róòsì tuntun dáadáa. Èyí tí wọ́n tà láìsí erùpẹ̀ lára gbòǹgbò, láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni kí ẹ gbìn ín. Ẹ rẹ gbòǹgbò rẹ̀ sínú omi fún wákàtí méjì ṣáájú. Kent ń fẹ́ àlàfo sẹ̀ǹtímítà 75. Ní ìgbà ooru àkọ́kọ́, garawa omi kan fún ìdí kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀ kan sàn ju kí ẹ máa wọ́n ọn ṣékéṣéké lójoojúmọ́, torí omi tó wọlẹ̀ jìn ló ń fa gbòǹgbò lọ sísàlẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni kí ẹ da omi sí, láàárọ̀, kí ewé má sùn nínú omi. Àrùn àmì dúdú nílò kí ewé tutù fún bíi wákàtí méje kó tó lè wọ inú rẹ̀.

Gígé ló ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù jù, bẹ́ẹ̀ òun ló rọrùn jù. Ẹ kò nílò láti máa wá ojú èèhù kiri bíi ti róòsì gíga. Ní ìparí oṣù kejì tàbí inú oṣù kẹta, àlùmọ́gàjí ńlá tí wọ́n fi ń gé ọgbà ni mo ń mú, mo ń gé gbogbo rẹ̀ dé ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 30. Max Graf nìkan ni mi ò ń gé bẹ́ẹ̀; etí rẹ̀ ni mo ń tọ́.

Ọjọ́ tí ẹ bá gé e yẹn ṣọ̀wọ́n. Òun ni ọjọ́ tí ẹ máa rí ilẹ̀ abẹ́ róòsì yín kedere jù lọ́dún, nítorí náà ẹ má ṣe gé e tán kí ẹ wọlé. Ẹ hú èpò tó wà níbẹ̀ tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ẹ ṣa gbogbo ewé tó ti jábọ́, torí ara wọn ni àrùn àmì dúdú ń sá pamọ́ sí títí òtútù yóò fi lọ. Ẹ má dà á sí ààtàn tí ẹ fi ń ṣe ajílẹ̀. Ẹ wo ìdí igi: tí ẹ bá rí èèhù tó yọ láti abẹ́ ibi tí wọ́n ti lẹ ẹ̀ka mọ́ gbòǹgbò róòsì ìgbẹ́, ẹ fà á ya, ẹ má gé e, torí èyí tí a gé á tún hù. Ẹ wá fún un ní ajílẹ̀, kí ẹ fi èèpo igi tàbí ìgbẹ́ ẹṣin tó ti jẹrà dáadáa bo ilẹ̀ ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí méje, láìjẹ́ kó kan ara igi. Ẹ tún lè fún un ní ajílẹ̀ díẹ̀ lóṣù keje. Lẹ́yìn oṣù kẹjọ, ó tó: ẹ̀ka tútù tó bá yọ nígbà náà, yìnyín ni yóò pa á.

Àwa àti màmá wú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lóṣù kọkànlá ọdún yẹn. A fọ gbòǹgbò wọn, a yọ okùn funfun bindweed tó há sáàárín wọn, a kó wọn sínú ìkòkò, a sì fi ọ̀rá bo ilẹ̀ náà. Méjì kú. A gbin méje padà lẹ́yìn ọdún kan. Ní oṣù kẹta tó kọjá, màmá fúnra rẹ̀ ló mú àlùmọ́gàjí gé wọn láti òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dé etí títì. Mo kàn ń tẹ̀ lé e, mo ń ṣa ewé.